Asẹ́ Omi Inú Báàgì Arìnrìn-àjò

Ẹni tó bá ti dé ilé tí wọ́n ti ń ṣe púpúrú nílẹ̀ Ìkálẹ̀ rí mọ iṣẹ́ asẹ́ dáadáa. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á yan án lórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á họ dúdú yẹn kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Èyí tó kéré ju ihò asẹ́ á bọ́ sílẹ̀, èyí tó tóbi á kù sókè.

Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú asẹ́ omi kékeré tí arìnrìn-àjò lè fi sínú báàgì. Kí ènìyàn tó rà á, ohun méjì ló yẹ kó mọ̀: bí ihò rẹ̀ ṣe kéré tó, àti ohun tó wà nínú omi tó fẹ́ mu.

Ẹni tó ń lọ láti Òkìtìpupa sí Ọ̀rẹ̀ lè ra píọ̀ wọ́tà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ya sí àbà inú oko, tàbí tó bá odò Olúwa lọ sí ìsàlẹ̀, omi odò, omi kànga tàbí omi òjò ló máa bá níbẹ̀.

Asẹ́ ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là nílẹ̀ yìí rí. Àwọn àgbà ní bí sòbìà bá máa degbò, olúgànńbe là á ké sí. Ewé ìwòsàn ni olúgànńbe, egbò ló wà fún; asẹ́ ni kì í jẹ́ kí sòbìà wọ ara rárá. Inú kòkòrò omi tín-ín-tín kan ni ọmọ sòbìà ń gbé. Ẹni tó bá mu kòkòrò náà kò ní mọ̀, àfi ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, nígbà tí aràn tó lè gùn tó mítà kan bá ń yọ jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in kárí Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 650,000.

Ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá, láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́ pọ̀: àwọn télọ̀ ń rán asẹ́ aṣọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé sì ń tà á. Èyí dára fún ilé. Fún ẹni tó ń rìnrìn àjò tàbí tó ń da màlúù, wọ́n ṣe ọ̀pá kékeré tó ní asẹ́ nínú, tí wọ́n ń fi okùn kọ́ sọ́rùn, tí wọ́n sì fi ń fa omi mu. Ní ọdún 2001, Carter Center pín ohun tó lé ní mílíọ̀nù 9 irú rẹ̀ ní Sudan. Ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ẹnúgù ni ẹni tí sòbìà yọ lára rẹ̀ kẹ́yìn wà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ wa.

Inú ọ̀pá sòbìà yẹn ni LifeStraw, asẹ́ omi arìnrìn-àjò kan, ti jáde ní ọdún 2005. Ihò ló fi yàtọ̀ sí i. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù. Ihò asẹ́ aṣọ tó nǹkan bíi 100 máíkírọ́ọ̀nù, ó sì tó láti dá kòkòrò sòbìà dúró. Ṣùgbọ́n kòkòrò onígbáméjì àti ti táífọ́ọ̀dù kéré púpọ̀ ju ìyẹn lọ, wọ́n á gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Ihò LifeStraw jẹ́ 0.2 máíkírọ́ọ̀nù, kò sì sí àyè fún wọn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni onígbáméjì: ní ọdún 2021 nìkan, ó pa ènìyàn tó lé ní 3,600 ní Nàìjíríà.

Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí asẹ́ yìí kò lè mú. Fáírọ́ọ̀sì rotavirus, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún àwọn ọmọdé, kò ju nǹkan bíi 0.07 máíkírọ́ọ̀nù lọ. Inú ìgbẹ́ ló ti ń wọ omi; nítorí náà, níbi tí ilé ìgbẹ́ bá ti sún mọ́ kànga, kí ènìyàn se omi náà títí tí yóò fi hó, tàbí kó fi oògùn omi bíi WaterGuard sí i. Álọ́ọ̀mù máa ń jẹ́ kí omi tòrò, ṣùgbọ́n omi tó tòrò lè ní àrùn nínú síbẹ̀.

Asẹ́ náà nílò ìtọ́jú. Bí omi bá rú, kí ènìyàn jẹ́ kó silẹ̀ ná, kó fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kó tó fi ọ̀pá fà á. Bó bá mu tán, kó fẹ́ atẹ́gùn padà sínú rẹ̀ kí ìdọ̀tí lè jáde. Kó má sì jẹ́ kí ibi tó ń fi ẹnu sí kan omi odò.

Ohun tó bá ti yọ́ mọ́ omi, irú bí oògùn tí wọ́n ń fín sí koríko oko, á bá omi kọjá nínú irú asẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìgbókòdá lọ sí Ayétòrò, létí òkun Ìlàjẹ, kó ti bu omi mímu tó máa tó o sínú kẹ́ẹ̀gì láti Òkìtìpupa. Asẹ́ rẹ̀ á tún wúlò nígbà tó bá padà dé ibi tí omi kò ti níyọ̀.