Fáàfù Tó Ń Dáàbò Bo Ẹ̀dọ̀fóró Lórí Ẹ̀rọ Akunnilóorun

Ẹ̀rọ akunnilóorun, èyí tí àwọn dókítà fi ń mú kí aláìsàn sùn fọnfọn kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ ibi tí ohun méjì tí agbára wọn kò dọ́gba rárá ti ń pàdé: èkíní ni ọ́síjìn tí wọ́n fi tipátipá rọ́ sínú sílíńdà irin, èkejì sì ni ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn, tó rọ̀ tó sì fẹ́lẹ́ débi pé èémí jẹ́jẹ́ ti tó láti wú u. Láàárín àwọn méjèèjì ni àwọn fáàfù wà, ìyẹn àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń tì ṣí nígbà tó bá pọ̀ jù, kí ó lè rí ọ̀nà jáde. Aláìsàn lè wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kí ó sì jáde láìmọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ sípíríǹgì kékeré kan àti awo pẹlẹbẹ kan tí kò wúwo.

Sẹ̀ǹtímítà omi ni àwọn dókítà akunnilóorun fi ń wọn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí wọ́n bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà ti omi sókè nínú ọ̀pá tó dúró ṣánṣán, iye sẹ̀ǹtímítà tí omi náà bá gùn dé ni wọ́n ń kà. Àgbàlagbà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dá ṣáṣá kì í sábà nílò ju nǹkan bí 20 lọ nígbà tí wọ́n bá ń bá a mí. Bí ó bá kọjá 20 tàbí 25 nígbà tó jẹ́ pé ìbòmú nìkan ló wà lójú rẹ̀, afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀nà oúnjẹ lọ sínú ikùn, kí aláìsàn sì bì, kí èébì náà sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sì rọlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ sínú ọkàn yóò dín kù, ẹ̀dọ̀fóró sì lè ya kí afẹ́fẹ́ jò sínú àyà. Ṣùgbọ́n nínú sílíńdà ọ́síjìn tó kún, agbára yìí tó nǹkan bí 140,000, nínú páìpù tó sì ń gbé ọ́síjìn gba ara ògiri ilé ìwòsàn wá, ó tó nǹkan bí 4,000, ìyẹn ìlọ́po 200 ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ́.

Kò sí fáàfù kan ṣoṣo tó lè dá ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ohun èlò kan tó wà lẹ́nu sílíńdà ló kọ́kọ́ ń mú agbára náà wálẹ̀ sí ìwọ̀n ti páìpù ara ògiri, lẹ́yìn èyí ni àwọn kọ́kọ́rọ́ tí dókítà ń yí yóò wá jẹ́ kí ìwọ̀nba díẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní ìlànà ti dókítà Henry Boyle, fáàfù kan tún wà níwájú díẹ̀, ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde kúrò lára ẹ̀rọ, tí ó máa ń ṣí nígbà tí agbára bá tó nǹkan bí 300 sí 400. Ó yẹ kí èyí yé ènìyàn dáadáa, nítorí ó rọrùn láti ṣì í gbọ́: ẹ̀rọ ni fáàfù yẹn ń dáàbò bò, kí gíláàsì tó ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ hàn àti ìgò oògùn olóoru má baà bàjẹ́, kì í ṣe aláìsàn, torí pé 300 fi ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju 20 lọ. Ti aláìsàn wà níwájú síi, lára àwọn ọ̀pá rọ́bà tí òun gan-an ń gbà mí.

Ìṣirò díẹ̀ ló ń fi hàn ìdí tí fáàfù kejì yìí kò fi ṣeé ṣe láì ní. Ara àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ń lo nǹkan bí mílílítà 250 ọ́síjìn ní ìṣẹ́jú kan. Bí dókítà bá ń rán lítà 6 afẹ́fẹ́ tuntun wá ní ìṣẹ́jú yẹn kan náà, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde. Bí ó bá bá ọ̀nà ní títì, nǹkan bí mílílítà 100 yóò máa kóra jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, àpò rọ́bà oní-lítà 2 tí dókítà ń fi ọwọ́ fún yóò kún láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Rọ́bà àpò náà, tí ó bá jẹ́ ojúlówó, máa ń nà gan-an kí agbára inú rẹ̀ tó lè kọjá nǹkan bí 60, èyí sì jẹ́ ààbò tí àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i. Àmọ́ 60 náà ti pọ̀ jù fún ẹ̀dọ̀fóró.

Fáàfù náà fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀yà púpọ̀, ẹwà rẹ̀ sì wà nínú bí gbogbo ẹ̀yà náà ṣe bá ara wọn mu. Ní ìsàlẹ̀ ni ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé wà, etí ihò náà sì mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Lórí etí yìí ni awo pẹlẹbẹ náà jókòó lé, bí ọmọrí ìkòkò tí oru iṣu ń gbé sókè tó sì tún ń padà bò ó. Àwọn tó ṣe é kò ṣèèṣì fi awo náà fúyẹ́, wọn kò sì ṣèèṣì jẹ́ kí etí ihò mú. Èémí ènìyàn lọ́rinrin, omi rẹ̀ a sì máa sẹ̀ sínú fáàfù bí iṣẹ́ abẹ ṣe ń pẹ́. Bí awo bá fẹ̀yìn tẹ ojú tó gbòòrò, omi yẹn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, yóò sì gba agbára tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ kó tó lè ṣí. Ẹnu tó mú kò fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ fún omi láti dì mọ́, ohun tí omi kì í rọrùn lẹ̀ mọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe awo náà. Ọ̀pá tínrín kan ń tọ́ ọ sọ́nà kí ó má baà dàgẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ń padà bọ̀.

Lókè awo ni sípíríǹgì wà, lókè sípíríǹgì ni orí tí dókítà ń yí. Bí ó bá yí i sí ọwọ́ ọ̀tún, sípíríǹgì á súnkì, á tẹ awo mọ́lẹ̀ síi, afẹ́fẹ́ á sì ní láti lágbára síi kí ó tó rí ọ̀nà jáde. Bí ó bá dá a padà sí òsì, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà omi 1 péré ti tó láti ṣí i. Aláìsàn tó ń mí fúnra rẹ̀ nílò kí ó wà ní ṣíṣí gbayawu. Bí dókítà bá fẹ́ fi ọwọ́ fún àpò kí afẹ́fẹ́ wọlé, yóò dì í díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fáàfù òde òní, kódà bí wọ́n bá dì í dé òpin, awo yóò ṣì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nígbà tí agbára bá tó nǹkan bí 60 sí 70, àmọ́ àwọn tó ti pẹ́ lè tì pátápátá.

Orúkọ Jay Heidbrink, oníṣègùn eyín tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣì fi ń pe fáàfù onísípíríǹgì yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Boyle, ẹni tí wọ́n bí ní Barbados, gbé ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde ní ọdún 1917 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Bartholomew's ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ètò ọ̀pá mímí tí dókítà akunnilóorun Ivan Magill fi sílẹ̀, ẹ̀bá ojú aláìsàn gan-an ni fáàfù wà, níbi tí ó ti ń wúwo tí ọwọ́ kò sì tètè tó o bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ abẹ ní orí tàbí ọrùn. Ní ọdún 1976 ni ètò ọ̀pá mìíràn, tí wọ́n ń pè ní ti Lack, gbé e padà sẹ́bàá ẹ̀rọ, ìdí pàtàkì sì ni pé kí afẹ́fẹ́ olóògùn tó ń jáde níbẹ̀ lè rọrùn láti kó.

Ewu tó wọ́pọ̀ jù kì í ti ara irin wá. Dókítà lè dì fáàfù nígbà tó ń fún àpò, kí aláìsàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí fúnra rẹ̀, kí ojú sì fò ó láti ṣí i padà. Bí wọ́n bá wá tẹ bọ́tìnnì ọ́síjìn pàjáwìrì, tó ń tú lítà 35 sí 75 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ náà kò ní pẹ́ kó tó di àjálù. Nítorí èyí ni ojú ṣe gbọ́dọ̀ wà lára géèjì tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ hàn, kì í ṣe lára àpò nìkan.

Ṣùgbọ́n irin pẹ̀lú máa ń rẹ̀. Sípíríǹgì a máa dẹ̀ lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, etí ihò a máa já, òrùka rọ́bà tó ń dí jíjò a máa gan. Ní Nàìjíríà, níbi tí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ti ń bá ilé ìwòsàn mìíràn ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò tún ṣe ẹ̀yà rẹ̀ mọ́, ó sì máa ń wu onítúnṣe láti wá sípíríǹgì tó jọ ọ́ fi dí i. Ìjọra kò tó nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé sípíríǹgì tó fi díẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ yóò sọ gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ara orí yíyí náà di irọ́, dókítà yóò sì rò pé òun wà ní 20 nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn ń gba ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epo àti gíríìsì lásán kò gbọ́dọ̀ kan ibi tí ọ́síjìn alágbára ń gbà rárá, torí pé ọ́síjìn tó lágbára lè mú kí epo gbiná. Bí wọ́n bá tú fáàfù fọ̀, ẹni tó tò ó padà ní láti rí i dájú pé awo náà wà nínú rẹ̀ àti pé ojú tó yẹ ló kọ sísàlẹ̀.

Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí pé oògùn ṣì wà nínú ohun tó ń jáde, àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ máa fà á símú. Ọ̀pá kan ló ń kó o lọ síta, mílímítà 30 sì ni ẹnu rẹ̀, nígbà tí ẹnu ọ̀pá tí aláìsàn ń gbà mí jẹ́ 22, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì so ọ̀kan mọ́ èkejì. Bí ọ̀pá yẹn bá ká tàbí tí nǹkan dí i, fáàfù tó dára jù láyé kò lè tú afẹ́fẹ́ dànù.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba àkókò, kò sì gba owó. Kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọlé, wọ́n á dì fáàfù, wọ́n á dí ẹnu ọ̀pá tí yóò kọjú sí aláìsàn, wọ́n á sì jẹ́ kí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ géèjì yóò fi dé 30. Ó gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ fún 10 ìṣẹ́jú àáyá ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibì kan ń jò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí fáàfù, tí abẹ́rẹ́ yóò sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì ọ́síjìn pàjáwìrì nígbà tí fáàfù ṣì wà ní ṣíṣí, kò yẹ kí géèjì dé 10. Ẹ̀rọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá lọ́ra láti wálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn lọ́jọ́ náà, àpò ọlọ́wọ́ tó ń wú padà fúnra rẹ̀, tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀rọ akunnilóorun nígbà gbogbo, sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bí wọ́n bá ń wá ẹ̀rọ mìíràn.