Ohun tí Àwòrán Ọkọ̀ Ojú Irin Àtijọ́ Kò Fi Hàn: Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀rí ìtàn ni àwòrán àtijọ́ tí ó fi ọkọ̀ ojú irin eléèédú hàn ní ibùdókọ̀ Ìdó tàbí Èbúté Mẹ́ta, ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nínú rẹ̀ náà yẹ ní kíkọ́. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin Èkó. Ó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Kò gba Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ kọjá. Orí ọ̀sà ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé ẹrù Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú láti èbúté ìlú méjèèjì lọ sí Èkó. Nítorí náà, kí olùkọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: "Èbúté tiwa dà?" Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ yóò rò pé ìlú tí reluwé kò dé kò ní ìtàn.