Ṣé o mọ̀? Àmì kékeré kan lè sọ "mo" di "ó"

Ní Tokpota, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé, tó ń fi Faransé kàwé, tún lè bá èdè Sípéènì pàdé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí ó wà lára èdè òkèèrè tí wọ́n ń kọ́ ní Benin.

Nínú Yorùbá, "sọ̀rọ̀" kì í yí padà: mo sọ̀rọ̀, o sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀. Ti Sípéènì yàtọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá, wọn á yọ "-ar" kúrò lára hablar (sọ̀rọ̀), wọn á fi ìparí mìíràn rọ́pò rẹ̀: hablé (mo sọ̀rọ̀), hablaste (o sọ̀rọ̀), habló (ó sọ̀rọ̀), hablamos (a sọ̀rọ̀), hablaron (wọ́n sọ̀rọ̀). Ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, wọ́n ní hablasteis fún "ẹ". Ní Kúbà, hablaron náà ló ń ṣiṣẹ́ yẹn.

Àmì orí habló kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá. Hablo ni "mo ń sọ̀rọ̀", habló ni "ó sọ̀rọ̀". Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ní fojú kéré rẹ̀.

Comer (jẹun) àti vivir (gbé) tún rọrùn sí i, torí ìparí kan náà ni wọ́n ń lò: comí, viví, comió, vivió, comieron, vivieron.