Ìsokọ́ra Àwọn Kọ̀ǹpútà àti Ibi Tí Ó Ti Ń Já

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ yóò kan Fìdítì, yóò sì kan Ìlọrà kí ó tó wọ Ọ̀yọ́. Ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n tò sí. Bákan náà ni Robert Metcalfe àti David Boggs ṣe to kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1973: okùn gbọọrọ kan, tí gbogbo ẹ̀rọ so mọ́. Kò gba okùn púpọ̀, kò sì náni lówó púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí afárá bá wó lẹ́yìn Fìdítì, ará Fìdítì ṣì lè lọ sí Ìbàdàn. Ti okùn yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá já, iṣẹ́ tí ń gba inú rẹ̀ kọjá yóò kọ lu ẹnu ibi tí ó já, yóò sẹ́rí padà, yóò sì da ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn ìyókù rú.

Ìdí nìyí tí ètò oníràwọ̀ fi gbilẹ̀ ní ilé-ìwé àti ilé ìdánwò lónìí. Olúkúlùkù ẹ̀rọ ní okùn tirẹ̀, gbogbo okùn sì pàdé nínú àpótí kan tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní switch, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà oko gbogbo ti ń pàdé ní ọjà. Bí okùn kan bá já, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni yóò yadi. Àárín ni ewu rẹ̀ wà. Mo wà ní gbọ̀ngàn kan tí àwọn ọmọ ti ń ṣe ìdánwò nígbà tí iná lọ. Bátìrì gbé gbogbo kọ̀ǹpútà dúró, ojú wọn sì ń tàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rántí fi bátìrì sí àpótí àárín. Ìdáhùn àwọn ọmọ kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Láti 2015 tí JAMB ti pa ìdánwò orí ìwé tì, àpótí kékeré bẹ́ẹ̀ lè mú kí ọmọ pàdánù odidi ọdún kan.

N kò ní í pẹ́ lórí ètò olóòrùka, tí IBM gbé jáde ní 1985. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àmì àṣẹ kan ni ó ń ti ọwọ́ ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn. Èyí tí ó bá mú un lọ́wọ́ nìkan ni ó lè sọ̀rọ̀.

Èéṣe tí a kò so ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ́ gbogbo ìyókù? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ 30 ń fẹ́ okùn 30 ní ètò oníràwọ̀. Bí olúkúlùkù bá ní láti so mọ́ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, okùn 435 ni. Ilé-ìwé wo ni yóò rówó rẹ̀? Láàrin orílẹ̀-èdè, ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà púpọ̀ kì í ṣe àṣejù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn tí ó lè gba Glo-1 tàbí Equiano rí ọ̀nà àbáyọ. Lórí ìwé, mẹ́rin ni okùn wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti sùn sí àdúgbò kan náà lábẹ́ omi, ọ̀nà kan ni mo kà wọ́n sí.

Olùkọ́ tí ń ra kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé rẹ̀ ní Fìdítì tàbí Ìlọrà, kí ó tó fi ẹ̀rọ kan kún èyí tí ó ní, kí ó fi bátìrì sí àpótí àárín, kí ó sì ra òmíràn pamọ́. Bí ó bá sì fẹ́ san owó íntánẹ́ẹ̀tì sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì, kí ó kọ́kọ́ béèrè okùn abẹ́ òkun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lò.