Àjùmọ̀sọ Ọ̀rọ̀ Láàrin Àwọn Olùṣẹ̀dá Orin Sinimá: Iṣẹ́ Elmer Bernstein, 1974 sí 1978

Orin inú sinimá jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gba oríyìn. Bí ó bá dára, òǹwòran lè má mọ̀ pé òun gbọ́ ọ. Bí kò bá sì tẹ́ olùdarí eré lọ́rùn, wọ́n á jù ú nù. Nítorí ìdí èyí, àwọn olùṣẹ̀dá orin wọ̀nyí gan-an ni wọ́n mọ rírì ara wọn jù. Àpẹẹrẹ kan tí ó fi èyí hàn ni iṣẹ́ tí Elmer Bernstein ṣe ní Amẹ́ríkà.

Ọdún 1922 ni wọ́n bí Bernstein ní ìlú New York. Òun ni ó ṣe orin The Ten Commandments (1956), sinimá Mósè tí kì í ṣe àjèjì sí àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1974, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, ó dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀, Film Music Notebook. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń jókòó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Jerry Goldsmith, Henry Mancini, David Raksin àti Hugo Friedhofer, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Èyí yàtọ̀ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò oníròyìn, nítorí pé oníṣẹ́ ọnà ni ó ń bi oníṣẹ́ ọnà léèrè.

Ibo ni kí orin ti wọlé? Ibo ni kí ó ti dákẹ́? (Ọ̀pọ̀ fíìmù àgbéléwò Yorùbá ni kò tíì dáhùn ìbéèrè kejì yìí, orin a máa bo ọ̀rọ̀ òṣèré mọ́lẹ̀.) Iṣẹ́ Bernstein fúnra rẹ̀ fi hàn pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó fi wá ọ̀nà wọ inú To Kill a Mockingbird (1962) tì. Ìtàn náà dá lórí ẹ̀tanú ẹ̀yà àti ìdájọ́ èké ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹlòmíràn ì bá fi ìlù ńlá gbé e. Ìgbà tí ó hàn sí i pé ojú ọmọdé ni a fi ń wo gbogbo rẹ̀ ni iṣẹ́ tó ṣí. Ìdí nìyí tí pìánò fi bẹ̀rẹ̀ orin náà ní òun nìkan, tí a ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ní ti Goldsmith, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ó fi ṣe orin Chinatown (1974), lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ orin ẹlòmíràn sílẹ̀.

Kíkọ orin sílẹ̀ yìí ni egbò tí gbogbo wọn jọ ní. Bernard Herrmann, ẹni tí ó fi àwọn ohun èlò olókùn nìkan ṣe orin Psycho (1960), jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ lójú wọn. Síbẹ̀, ní 1966, Alfred Hitchcock kọ orin tí ó ṣe fún Torn Curtain, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún John Addison. Àjọṣe àwọn méjèèjì parí síbẹ̀. Àwọn orin tí wọ́n tẹ́wọ́ gbà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu: ilé-iṣẹ́ sinimá ni ó ni wọ́n, MGM sì da ọ̀pọ̀ ìwé orin tirẹ̀ nù bí ìdọ̀tí. Ní 1972 ni àwọn olùṣẹ̀dá orin, tí Bernstein wà lára àwọn aṣíwájú wọn, gbé àwọn ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù.

Àmọ́ kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Bernstein ń ṣe àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fún àwọn tí ó san àsansílẹ̀ owó, ó sì ń darí ọ̀kẹ́sítírà láti tún orin àwọn bíi Max Steiner, Miklós Rózsa àti Alfred Newman lù. Ó lu orin Torn Curtain tí wọ́n kọ̀ náà, kí etí lè gbọ́ ohun tí òǹwòran kò gbọ́. Kò sì tìtorí èyí yẹra fún Addison. Ó pe òun náà wá sọ̀rọ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà rẹ̀.

Herrmann kú ní 1975. Nígbà tí Martin Scorsese tún sinimá Cape Fear ṣe ní 1991, Bernstein ni ó pè. Bernstein ì bá ṣẹ̀dá orin tirẹ̀, ṣùgbọ́n orin tí Herrmann ṣe fún ti 1962 ni ó tò fún sinimá tuntun náà, ó sì mú díẹ̀ kún un láti inú Torn Curtain.

Goldsmith kú ní oṣù Keje ọdún 2004. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Raksin kú ní ọjọ́ kẹsàn-án, Bernstein sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kejìdínlógún. Wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀dà Film Music Notebook jọ sínú ìwé kan ṣoṣo báyìí.