Gbígbé àbí Kíkó? Èdè-Ìperí fún Adágún Iyùn Inú Ilé

1. Ìfáàrà

Láti 1970 tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, nínú èyí tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn, ó ti hàn pé èdè wa tó gbé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ tí ó sì jáde ní 1984, fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà múlẹ̀ fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó ni àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí àṣìlò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti lè fa òfò. Ọ̀kan nínú wọn ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín: bí a ti ń tọ́jú iyùn àti ẹja òkun nínú ilé, àti bí a ti ń kó wọn kúrò nínú àpótí gíláàsì kékeré lọ sínú ńlá, láti ilé kan sí òmíràn.

Agbègbè Ìkẹjà àti Agége ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí méjì ni. Èkíní, láti pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ni a ti ń kó ẹja ọ̀ṣọ́ inú odò Nàìjíríà lọ sí òkè òkun, nítorí náà kíkó ẹja láàyè kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Èkejì, agbègbè ilé-iṣẹ́ ni: agégíláàsì, káfíńtà, wẹ́dà àti oníná kún ibẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé ìlànà tí ó bá àwọn ẹ̀rọ wá, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bá agégíláàsì àti alábàárù sọ̀rọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe ògbufọ̀.

Kí a gbà pé ẹnì kan ní Agége ní àpótí tí ó gùn ní 90 sẹ̀ǹtímítà, tí ó fẹ̀ ní 40, tí ó sì ga ní 40. Omi 144 lítà ni ó gbà. Ó ń kó lọ sí Ògbà, ó sì ti ra èyí tí ó gùn ní 120, tí ó fẹ̀ ní 50, tí ó sì ga ní 50, èyí tí ó gba 300 lítà. Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni yóò lò tí àwọn ẹ̀dá inú omi náà kò fi ní kú sí ọ̀nà?

2. Orúkọ àpótí náà

Kò yẹ kí ó tì wá lójú pé a kò bá orúkọ àpótí yìí nílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà wá tirẹ̀ ni. Nígbà tí ọgbà ẹranko ìlú London ṣí ilé ẹja rẹ̀ fún aráàlú ní 1853, orúkọ tí wọ́n ń lò lónìí kò tíì fìdí múlẹ̀. Philip Henry Gosse ni ó sọ ọ́ di mímọ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1854, ara ọ̀rọ̀ Látìn fún omi ni ó sì ti wá. Àwa ní adágún, èyí tí í ṣe omi tí kò ṣàn tí ẹja sì ń gbé inú rẹ̀. Bí a bá kàn án mọ́ gíláàsì, a ní adágún gíláàsì. Èyí tí iyùn bá wà nínú rẹ̀ ni adágún iyùn.

3. Iyùn: ọ̀rọ̀ àtijọ́, ìtumọ̀ tuntun

Yorùbá mọ iyùn tipẹ́. Ó wà lọ́rùn ọba, ó wà lọ́rùn ìyàwó. Ṣùgbọ́n iyùn tí a mọ̀ ti kú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti Òkun Mẹditaréníà ni a ti ń yọ ọ́, àwọn oníṣòwò Pọtogí sì wà lára àwọn tí ó gbé e wá sí etí òkun wa láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Eegun ẹ̀dá kan ni a gé, tí a dán, tí a sì lu ihò sí. Nítorí náà, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá kà á pé iyùn ń jẹun, pé ó sì ń dàgbà, yóò rò pé àlọ́ ni. Ojúṣe olùkọ́ ni láti kọ́kọ́ ya ẹ̀dá náà sọ́tọ̀ kúrò lára eegun rẹ̀.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà. Iyùn pupa tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ń gbé ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í kọ́ òkìtì sínú òkun. Púpọ̀ nínú èyí tí à ń sìn nínú adágún gíláàsì jẹ́ ti ibi tí omi kò jìn, tí oòrùn sì ń dé. Àwọn ewéko tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú ẹran ara wọn, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ, iyùn sì ń bá wọn jẹ níbẹ̀. A dábàá iyùn ọ̀ṣọ́ fún ti àkọ́kọ́, àti iyùn amòkìtì fún èkejì, nítorí pé bí ènìyàn ti ń mọ ilé ni ó ń mọ òkìtì. Ohun tí ó bá mọ ni òkìtì iyùn. A kò lè wá orúkọ yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn apẹja wa, nítorí pé kò sí òkìtì iyùn ní etí òkun Nàìjíríà. Omi odò àti ẹrẹ̀ tí ó ń ṣàn wọ inú òkun kò jẹ́ kí ó gbèrú. Àwọn iyùn kan wà ní àyíká erékùṣù São Tomé àti Príncipe, ṣùgbọ́n wọn kò di òkìtì ńlá.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà ńbẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tí ìparun ń wu, tí Nàìjíríà ti wọ̀ láti 1974, kan iyùn amòkìtì pẹ̀lú. Ó nílò ìwé àṣẹ kí ó tó kọjá ààlà orílẹ̀-èdè. Ògbufọ̀ tí ó bá pè é ní òkúta lásán lè ti oníbàárà rẹ̀ sínú ẹjọ́.

4. Omi tí ó tòrò àti omi tí ó gbó

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù nínú adágún a máa di amónía, májèlé sì ni. Irú bakitéríà kan a sọ ọ́ di náítíráìtì, tí òun náà léwu. Irú mìíràn a sọ èyí di náítíréètì, tí ìpalára rẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sergei Winogradsky ni ó ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn bakitéríà wọ̀nyí ní nǹkan bí 1890. Púpọ̀ nínú wọn kì í gbé inú omi gan-an, bí kò ṣe ara òkúta, iyanrìn àti asẹ́. Adágún tuntun a máa gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́ náà.

Kí ni kí a pe ìdúró yìí? Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni ìtòrò. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó léwu. Amónía kò ní àwọ̀. Omi lè tòrò bí ojú dígí kí ó sì pa gbogbo ẹja inú rẹ̀. A fara mọ́ gbígbó omi. Gbó tí à ń wí yìí ni gbó ti iṣu àti àgbàdo, kì í ṣe ti aṣọ: ohun tí ó pé ọjọ́ rẹ̀, tí ó sì tó lò.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kòkòrò àìfojúrí tí a máa ń lò fún bakitéríà. Nínú ẹ̀kọ́ ìlera, ohun tí à ń pa ni kòkòrò. Bí a bá sọ fún alábàárù pé kòkòrò wà lára òkúta, yóò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò sì jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní bakitéríà aṣiṣẹ́, kí olùkọ́ sì tọ́ka sí ògì tí a rẹ: a kò fi nǹkan kan sí i, síbẹ̀ ó kan, nítorí pé àwọn aṣiṣẹ́ tí a kò rí wà nínú rẹ̀.

Ní 1961, Lee Chin Eng ti ilẹ̀ Indonéṣíà sọ bí òun ti ń lo òkúta tí a gbé láti inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun tí ń gbé ara rẹ̀. Òkúta alààyè ni ìtumọ̀ olówuuru tí a lè fún un, ṣùgbọ́n òkúta kì í mí. Òkúta ibùgbé sàn jù, nítorí pé ó ń rán olùgbọ́ létí pé àwọn kan ń gbé ibẹ̀.

5. Gbé àti kó

Níbi kíkó kúrò nílé, èdè Yorùbá ní ìyàtọ̀ tí ìwé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ohun kan ṣoṣo ni à ń gbé. Ohun púpọ̀ ni à ń kó. A kì í gbé adágún iyùn, kíkó ni à ń kó o. Omi òkun 144 lítà tó kílógíráàmù 148, láìka gíláàsì, iyanrìn àti òkúta. Ẹni tí ó bá ní kí àwọn alábàárù gbé e yóò rí i kí ó là láti ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti tọ̀nà, ìlànà iṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀.

A ó kọ́kọ́ rọ omi lásán sínú adágún tuntun ní Ògbà láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn èyí ni a ó po omi tí yóò kún ti àtijọ́. 156 lítà ni ó kù. Bí ìwọ̀n-iyọ̀ òkun bá jẹ́ gíráàmù 35 nínú lítà kan, iyọ̀ náà yóò tó nǹkan bí kílógíráàmù 5.5. Iyọ̀ òkun tí a pèsè fún adágún ni à ń wí. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní kálísíọ́ọ̀mù àti magiméṣíọ́ọ̀mù tí iyùn fi ń mọ eegun. Omi ọ̀sà Èkó náà kò tó, nítorí pé òjò a máa sọ ọ́ di aláìníyọ̀.

Ní ọjọ́ kíkó, omi àtijọ́ yóò wọ inú kẹ́ẹ̀gì tí kò gba kẹrosíìnì tàbí ọṣẹ rí. Òkúta ibùgbé yóò wà nínú omi òkun nínú korobá, kò gbọdọ̀ gbẹ. Iyùn kò gbọdọ̀ fara gbá ara wọn, nítorí pé wọ́n ń ta ara wọn. Ẹja ni ìgbẹ̀yìn: a ó ti fi oúnjẹ dù wọ́n fún ọjọ́ kan, a ó sì dì wọ́n sínú ọ̀rá tí omi kò ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan lọ, kí afẹ́fẹ́ gba ìyókù. Iyanrìn ìsàlẹ̀ lè ti há afẹ́fẹ́ olóòórùn ẹyin jíjẹrà mọ́ abẹ́, májèlé sì ni. Omi òkun àtijọ́ ni a ó fi ṣan án, kì í ṣe omi ẹ̀rọ olóògùn apakòkòrò. Ìdájí ni ó dára jù, kí oòrùn àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bá ọkọ̀ lójú ọ̀nà.

6. Ní ilé tuntun

Ìwé ìlànà tí a kọ ní ilẹ̀ olótùútù yóò ní kí a ra ẹ̀rọ amómigbóná. Ní Ìkẹjà, ooru gan-an ni ọ̀tá. Ìwọ̀n 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni ó tẹ́ iyùn lọ́rùn; bí ooru bá pọ̀ jù, á lé ewéko inú rẹ̀ jáde, á sì funfun. Fáànù tí ó ń fẹ́ sójú omi lè tù ú, ṣùgbọ́n omi yóò máa fà, iyọ̀ yóò sì kù sílẹ̀. Nítorí náà, gbólóhùn náà 'ẹ fi omi kún un' kò tó. Omi aláìníyọ̀ ni kí ògbufọ̀ kọ. Iná tuntun tí ó bá mọ́lẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ náà lè mú iyùn funfun; díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa fi kún un. Bí iná mànàmáná bá sì lọ, ẹ̀rọ afátẹ́gùn tí ń lo bátìrì tàbí ẹ̀rọ amúnáwá ni yóò mú kí omi má dúró gbári.

7. Àkójọ èdè-ìperí

Adágún iyùn: àpótí gíláàsì olómi òkun tí iyùn ń gbé inú rẹ̀.
Iyùn amòkìtì: iyùn tí eegun rẹ̀ ń di òkìtì nínú òkun.
Òkúta ibùgbé: òkúta òkun tí bakitéríà àti ẹ̀dá kéékèèké ń gbé lára rẹ̀.
Gbígbó omi: àkókò tí bakitéríà aṣiṣẹ́ fi ń pọ̀ tó iṣẹ́ wọn.
Ìwọ̀n-iyọ̀: iye gíráàmù iyọ̀ tí ó wà nínú lítà omi kan.
Ìmúbáramu: fífi omi tuntun kán sínú omi tí ẹ̀dá wà, títí méjèèjì yóò fi dọ́gba.
Ìfunfun iyùn: àwọ̀ tí iyùn ń ní nígbà tí ewéko inú rẹ̀ bá jáde.
Amónía, náítíráìtì, náítíréètì: ọ̀rọ̀ àyálò ni a fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n lè bá ohun tí a kọ sára ìgò ìdánwò omi mu.

8. Àsọkágbá

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé nínú irú iṣẹ́ yìí, ó yẹ kí èdè-ìperí sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe kí ó tó sọ bí nǹkan ti rí. A kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pé tán. Náítíráìtì àti náítíréètì sún mọ́ ara wọn jù létí, ẹni tí ó bá rí ọ̀nà mìíràn kí ó mú un wá. A sì rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ pé kí ẹ má dán àkójọ yìí wò láàárín ara yín nìkan. Ẹ kà á fún agégíláàsì ní Ògbà, ẹ kà á fún alábàárù ní Agége, kí ẹ sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí ó bá mú wọn ṣe ohun tí ó tọ́ ni kí a tẹ̀ sínú ìwé.