Ibo ni 24 wọlé sí?

Àbúrò mi fẹ́ tún ìṣirò WAEC ṣe, torí láìsí kírẹ́díìtì, yunifásítì tó wù ú kò ní gbà á. Mo bi í pé kí ni (a + b)². Ó ní a² + b². Èmi náà kọ bẹ́ẹ̀ rí. Bírò pupa ni tíṣà fi dá mi lóhùn.

Ẹ ya onígun mẹ́rin tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 3 + 4. Inú rẹ̀ jẹ́ 7 × 7, ìyẹn 49. Ṣùgbọ́n 9 + 16 jẹ́ 25 péré. Ibo ni 24 wà? Láti igun kan, ẹ wọn 3 lórí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fa ìlà kọjá. Àpótí mẹ́rin ló yọ: 9, 16, 12, 12. 12 méjì yẹn ni 2ab.

Ẹ má kàn kọ́ ọ sórí. Ẹ yà á.